Ewé Tí N Kò Fi Sójú Ọ̀nà

Ìrì kan so rọ̀ ní ṣóńṣó ewé tó wà níwájú kámẹ́rà mi. Ó wú, ó gùn, kò já. Inú rẹ̀ ni gbogbo igbó dorí kodò sí: igi ń wo ilẹ̀, ọ̀run wà nísàlẹ̀, àbàtà wà lókè, dúdú ńlá kan sì dúró láàárín, ó ń mí.

Dúdú náà ni ẹfọ̀n.

Àwẹ̀ró, aya mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ètè mi kò mira. Inú ni mo ti ń sọ ọ́. Inú, níbi tí àyà mi ti ń dún kì, kì, kì, bí ọmọ odó tí ń gún odó òfìfo.

Mo dojú bolẹ̀ sáàárín ewé eéran. Mo fi ewé bo orí, mo fi ẹrẹ̀ pa ojú, mo wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀. Bí o bá dúró lé mi lẹ́yìn báyìí, ìwọ tí o mọ̀ mí ju ẹnikẹ́ni lọ, o kò ní mọ̀ pé ènìyàn ni o tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tí yóò ya fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ di ilẹ̀, kó di ewé, kó di ohun tí ojú ń rí tí ọkàn kì í kà sí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Òwúrọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ẹ̀fọn ń kùn létí mi, ẹfọ̀n ń mí níwájú mi. Èyí kékeré ń mu ẹ̀jẹ̀ mi, n kò lè gbá a. Èyí ńlá kò tíì mọ̀ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Abo ni. Ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí apá ẹni tí ń nara láti ojú oorun, ẹrẹ̀ àná ti gbẹ mọ́ ọn níhà, ẹyẹ kékeré kan ń ṣa eégbọn létí rẹ̀. Lábẹ́ ikùn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà. Ọmọ náà kò tíì mọ ìdúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń wá ọmú, ó ṣìnà lọ sí itan, ó padà, ó tún ṣìnà. Ìyá rẹ̀ ń lá iyọ̀ ilẹ̀ àbàtà. Ahọ́n rẹ̀ ń dún ràù, ràù, bí ìgbálẹ̀ obìnrin ní kùtùkùtù.

Mò ń dúró de oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì tó. Bí mo bá yà á báyìí, òkúta lásán ni yóò jọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ti dé orí àràbà, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lára igi bí adẹ́mu tí ń sọ̀ kalẹ̀ lára ọ̀pẹ. Bí ó bá kan ẹ̀yìn ẹfọ̀n yìí, dúdú yóò di pupa, pupa bí epo tuntun, ọmọ rẹ̀ yóò sì tàn lábẹ́ rẹ̀ bí iná tí a fi ọwọ́ bò. Fọ́tò náà nìyẹn. Òun ni mo ti ń wá láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

O mọ ìdí rẹ̀. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Adérọ̀gbà pè mí láti Ìbàdàn. Ó ń ṣe ìwé ẹranko fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ti rí díẹ̀ nínú àwòrán mi, ó sì ní ojú mi dára. Ó ní gbogbo ẹfọ̀n tí wọ́n ń gbé wá bá òun, ẹfọ̀n ilẹ̀ ibòmíràn ni, tàbí ẹfọ̀n inú ọgbà. Òun ń fẹ́ ẹfọ̀n igbó tiwa, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá rí i yà, iṣẹ́ ìwé náà di tèmi, láti igbó dé igbó. Bí òjò bá parí tí n kò rí i, yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo gbé fóònù sílẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní àwọn ọmọ kíláàsì tí mo sá kúrò ni yóò wá máa ṣí ojú ìwé mi. Mo ní n kò sá. Wọ́n fà mí jáde ni. O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ.

Oòrùn sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn àràbà.

Ẹtu kan yọ lápá òsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò gbé e kalẹ̀. Ó gbọ́ nǹkan tí n kò gbọ́. Ó fò wọnú igbó, ìrù rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ẹtu lọ, òórùn ẹ̀tù dé.

Ó gba ẹ̀yìn mi wá. Ó wọ́ gba orí ilẹ̀ tutù, ó wọ imú mi: ẹ̀tù ìbọn, epo tí a fi nu irin, àti aáṣà. Lẹ́yìn òórùn ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e, ó wọ́ díẹ̀. Wúyẹ́, wọ́ọ́. Wúyẹ́, wọ́ọ́. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi ru ẹran tẹ̀lé e, bí n kò bá mọ ẹsẹ̀ kankan láyé, n óò mọ ìyẹn. Pàkúté ló bù ú jẹ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọdẹ́níyì ni. Ọmọ bàbá mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tí n kò pè ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Ó wà lẹ́yìn mi, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi sì ni ohun tó dùbúlẹ̀ sínú ewé, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó ń mí.

Ẹ̀rù, Àwẹ̀ró, kì í ti òkè wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń gbéra. Ó kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ mi tutù, ó gun orúnkún, ó ń lọ sókè. Òógùn ń já láti iwájú orí mi, ó ń kán sínú ẹrẹ̀, tó, tó, mo sì rò pé gbogbo igbó ló ń gbọ́ ọ.

Bí mo bá mira, ewé yóò mì. Bí ewé bá mì, ọdẹ yóò rò pé ẹran ni. Bí mo bá dákẹ́, yóò yìnbọn sí ẹfọ̀n, ọ̀nà tí ọta yóò sì gbà, orí mi ló wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹfọ̀n gbọ́.

O mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹfọ̀n. Ọdẹ tó yìn ín tí kò kú, kó má sùn. Kò ní sá lọ. Yóò yí po, yóò padà gba ẹ̀yìn, yóò lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó mọ̀ pé ọdẹ yóò gbà, yóò sì dúró títí. Ó ń rántí. Nínú gbogbo ẹran igbó, òun nìkan ló ń di kùnrùngbùn bí èmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ewé kan ṣoṣo ni, Àwẹ̀ró. Ewé kan ṣoṣo ni ìbá gbà mí.

Ní Ìdí-Ọmọ̀ níbí, ọdẹ tó bá fẹ́ wọ igbó á já ẹ̀ka tútù, á tẹ́ ẹ sí ẹnu igbó, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí orí ewé kọjú sí ibi tó forí lé. Ọdẹ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á rí i, á mọ̀ pé ẹnìkan wà lápá ibẹ̀, kò ní yìnbọn síbẹ̀. Nígbà tí ẹni náà bá jáde, á ká ewé rẹ̀ nílẹ̀. Ewé tí a kò bá ká títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹni tó ni ín ti bọ́ sínú ewu nìyẹn. Gbogbo ọdẹ ìlú ni yóò wọ igbó wá a.

N kò fi ewé sílẹ̀.

O ti sọ fún mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mò ń so okùn bàtà, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o di aṣọ mọ́ àyà, ohùn rẹ kò ga. O ní ọ̀sẹ̀ yìí ni àwọn ọdẹ ń gba ọ̀nà àbàtà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. O wá ní, "Bàbá Ìbídùn, ewé ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. N kò ní kí ẹ kí wọn."

Mo dá ọ lóhùn pé ewé ọdẹ, ọdẹ ló ń fi í sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ní gbangba pé n kì í ṣe ọdẹ. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, kí ló fẹ́ fi ewé ọdẹ ṣe? Inú mi dùn sí èsì náà. Mo gbé e lọ lójú ọ̀nà bí ẹni gbé ẹ̀yinná lọ́wọ́, ó ń mú mi lára gbóná. Mo tún un sọ fún ara mi títí mo fi dé ẹnu igbó. Mo kọjá lábẹ́ igi ọmọ̀ tí àwa ọmọ ọdẹ ti ń já ewé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. N kò gbójú sókè wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu mi láàárọ̀, òun ló wá dúró lẹ́yìn mi yìí pẹ̀lú ìbọn.

Ọdẹ́níyì ló kọ́kọ́ sọ pé n kì í ṣe ọdẹ. N kò tíì gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé. Ìgbà kan wà tí bàbá wa ń ṣàìsàn, ẹran pọ̀ nínú ahéré, kò sí ẹni tí yóò rù ú wálé. Ó wá sí ẹnu fèrèsé kíláàsì wa, ní pírámárì fáìfù, ó fi ìka pè mí jáde. Tíṣà ń kọ nǹkan sójú pátákó. N kò rí ìparí rẹ̀. Títí di òní, mo máa ń rí pátákó náà lójú oorun, ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Mo dì í sínú. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló mú mi búra.

Nígbà tí mo dàgbà, obìnrin kan láti yunifásítì wá ń ṣọ́ ẹdun nínú igbó wa. Èmi ló ń mú un rìn. Nígbà tó ń lọ, ó fún mi ní kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́, ó kọ́ mi bí a ti í fi ojú kan mú nǹkan. Mo gbé ìbọn kọ́ ògiri. Mo ti rí i pé ẹran tí a bá yìn, ìgbà kan la rí i. Ẹran tí a bá yà, a óò máa rí i lọ. N kò ta ko ẹnikẹ́ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹran. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìrántí bàbá wa, níwájú gbogbo ọdẹ, bí mo ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn, Ọdẹ́níyì na ìka sí mi. Ó ní, "Ẹ wo ọdẹ tó ń yìn tí ẹran kì í kú. Àwẹ̀ró, fọ́tò ni kí o máa fi se ọbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà rẹ́rìn-ín, ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ọlọ́bẹ̀ fọ́tò: ó di orúkọ mi. Bí mo bá ti igbó dé, wọ́n á bi mí pé Ọlọ́bẹ̀ fọ́tò, èwo lo pa lónìí, ṣé ó sanra. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ. Mo dárí jì ọ́. Òun ni n kò dárí jì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo ní oríkì ilé wa kò ní ti ẹnu mi jáde fún Ọdẹ́níyì mọ́, títí ilẹ̀ yìí yóò fi gba ọ̀kan nínú wa.

Mo sọ ọ́, mo sì pa á mọ́. Bó bá gba ọ̀tún, mo gba òsì. Bó bá húkọ́ níta, mo dákẹ́ nínú ilé. Nígbà tí Ìbídùn ọmọ wa pé ọjọ́ márùn-ún, Ọdẹ́níyì wá sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú itan ẹran, ìwọ lo gba ẹran náà. N kò jẹ níbẹ̀.

Lónìí, ètè mi wà lórí ilẹ̀ tí mo fi búra. Ó tutù. Ó ń rùn bí ewé jíjẹrà. Ó súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ó lè gbà mí láàárọ̀ yìí, kò sì ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi.

Oòrùn sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀ka ìsàlẹ̀.

Mo gbọ́ irin. Ohùn kékeré. Ká. Ọdẹ ti fa irin ìbọn rẹ̀ sẹ́yìn. Ìka ló kù. Ìka tèmi náà wà lórí kámẹ́rà. Ìka òun, ìka èmi, ọmú kan náà la fi bọ́ méjèèjì, ẹran kan náà ni méjèèjì ń nà sí.

O lè máa bi mí pé, kí ló dé tí n kò kígbe pé ènìyàn ni mí. Ìwọ kì í ṣe ọmọ ọdẹ. Bàbá wa kọ́ wa láti kékeré pé igbó ní ẹnu. Ẹfọ̀n tí ń bọ́ awọ sílẹ̀ tí ń di obìnrin, àlọ́ ni létí yín. Létí ọdẹ, kì í ṣe àlọ́. Ohùn tó bá ti inú ewé wá, tó ní ènìyàn ni òun, ọdẹ a máa yára yìn ín ju ẹran tó dákẹ́ lọ. A kì í sì í pe orúkọ ara wa níbẹ̀. Ohun tí kò yẹ lè jẹ́ ẹ. Ohùn kan ṣoṣo ni ọdẹ ilé wa ń gbàgbọ́ nínú igbó. Ẹni tó wà nínú ewé á pe ìdajì oríkì ilé. Ẹni tó gbé ìbọn á pe ìdajì tó kù. Bí ó bá ti dáhùn, ìbọn di igi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ni; yóò yìn.

Ìdajì yẹn ni mo búra pé kò ní ti ẹnu mi jáde fún un mọ́.

Mò ń wo ìrì. Ó ti gùn sí i. Oòrùn ti kàn án. Ẹfọ̀n inú rẹ̀ ti ń pupa.

Ó ti ń pupa, Àwẹ̀ró. Ìmọ́lẹ̀ ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí ọrùn bí omi tí a dà sí orí ẹní. Ọmọ rẹ̀ ti rí ọmú. Ó ń mu ún, ìrù rẹ̀ ń jó, ìyá rẹ̀ sì pa ojú kan dé. Ohun tí mo ti ń wá láti ọ̀gbẹlẹ̀ dé wàyí, ó sì bá mi níbi tí n kò ti lè gbé ìka. Bí kámẹ́rà mi bá dún, bí igi tó ṣẹ́ ni létí ọdẹ. Yóò yìn.

Mo rò ó pé kí n dákẹ́. N óò sọ fún ọ bó ṣe rí. Agídí mi fẹ́ kí n kú ju kí n pè é lọ. Mo rí bí wọn yóò ṣe gbé mi jáde lórí ẹ̀ka igi, bí Ọdẹ́níyì yóò ṣe jókòó síwájú ilé wa tí kò ní lè wò ọ́ lójú, bí gbogbo Ìdí-Ọmọ̀ yóò ṣe mọ̀ pé èmi ni mo borí. Adùn rẹ̀ dé ahọ́n mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí Ìbídùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìwọ dúró sí láàárọ̀, ó ń bi ọ́ pé níbo ni mo lọ.

Ẹnu mi là.

"Ọmọ ajíbá-ìrì-rìn."

Ohùn mi kò jọ ohùn mi. Ó jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ó gba ojú ilẹ̀ lọ. Ẹyẹ tó ń ṣa eégbọn fò. Ahọ́n tó ń gbálẹ̀ dákẹ́. Ẹfọ̀n gbé orí sókè.

Ó wò mí. Kò wo igbó, kò wo ewé. Èmi ló wò. Imú rẹ̀ là, ó ń fà mí sínú. Ọmọ rẹ̀ já ẹnu kúrò lọ́mú, wàrà ń kán ní ètè rẹ̀. Ìyá fi ẹsẹ̀ kan wa ilẹ̀.

Lẹ́yìn mi, kò sí ohùn.

Ìrì kò já. Ewé kò mì. Kò dáhùn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹrù ẹran wúwo lórí mi, tí ọ̀nà ṣú, tí n kò rí nǹkan kan níwájú bí kò ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, n óò pe ìdajì yìí. Ìbọn kọ́ ni mò ń sá fún nígbà náà. Ẹ̀rù lásán ni. Kì í pẹ́ kó tó dáhùn. Kì í bojú wẹ̀yìn, kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á kàn dáhùn, á sì rọra rìn kí n lè bá a. Mo ti gbé ìyẹn sí ibi tí ọwọ́ mi kò dé. N kò mọ ẹni tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ báyìí.

Kò dáhùn. Ó ti gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ mi. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti dá sí i, ní ìta, ní ojú ọ̀nà, lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó kó o jọ, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wa.

Ẹfọ̀n gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ilẹ̀ ń sọ fún ikùn mi bó ṣe wúwo tó.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan, tó gbọ̀n ju tèmi lọ:

"Ìrì mọ ẹsẹ̀ wa. Igbó kì í gbé wa mì."

Ohùn kan nílẹ̀, ohùn kan lókè. Ẹfọ̀n dúró. Ó yí etí kan sí mi, ó yí èkejì sí i. Ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi gbé ewé orí mi sókè. Ó gbóná, ó ń run iyọ̀ àti wàrà. Kò sí ẹni tó mira nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ rẹ̀ ló ké, igbe kékeré bíi ti ilẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo. Ìyá yíjú. Ó rọra yí gbogbo ara rẹ̀, bí ẹni ń yí ẹrù ńlá nínú ilé tóóró, ó fi imú ti ọmọ rẹ̀ síwájú. Koríko là fún wọn. Koríko pa dé.

Ìrì já.

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti tọ̀ sára, Àwẹ̀ró. Ìwọ nìkan ni n óò sọ ọ́ fún. Mo gbọ́ irin tó padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ń retí ẹ̀sín. Mo ń retí kó ní Ọlọ́bẹ̀ fọ́tò, ṣé o ti rí nǹkan sè. Kò sọ ọ́. Kò wá sí ibi tí mo wà, kò sì pè mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ, wúyẹ́, wọ́ọ́, wúyẹ́, wọ́ọ́. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó tún ń lọ.

N kò pè é. N kò dárí jì í. Fèrèsé kíláàsì wa ṣì wà níbi tó wà.

Fọ́tò kan wà nínú kámẹ́rà. N kò mọ ìgbà tí ìka mi tẹ̀ ẹ́. Bóyá ìgbà tí ẹnu mi là ni. Ẹfọ̀n kò hàn níbẹ̀, pupa ńlá kan tó mì ni. Ìrì nìkan ló hàn kedere. Ìyáàfin Adérọ̀gbà kò ní gbà á. N óò padà wá. Òjò kò tíì parí, ìyá yẹn kò sì ní gbé ọmọ rẹ̀ lọ jìnnà sí iyọ̀.

Mo dìde, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Mo gba ọ̀nà ilé. Igi kọ̀ọ̀kan tí mo kọjá, mo kọ́kọ́ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo dé ẹnu igbó. Níbẹ̀, láàárín ọ̀nà, ẹ̀ka ọmọ̀ tútù kan wà nílẹ̀, òkúta wà lórí rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti já a ṣì ń tu oje. Orí rẹ̀ kọjú sí àbàtà. Ó kọjú sí ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí gan-an. Ipa ẹsẹ̀ kan tó wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà ilé.

Ó ti ká tirẹ̀ lọ; ewé mi ni èyí, kí ọdẹ tó bá ń bọ̀ má baà yìnbọn sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló já a.

Mo dúró lé e lórí. N kò bẹ̀ ẹ́ kó já ewé fún mi. Agídí mi ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó rọ. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, kí ló fẹ́ fi ewé ọdẹ ṣe? Mo sọ ọ́ sókè. Kò dùn mọ́.

Bí mo bá fi í sílẹ̀, oòrùn yóò kan àtàrí, wọn yóò rí i pé a kò ká a. Wọn yóò ní mo ti bọ́ sínú ewu. Ẹni tó já a ni yóò kọ́kọ́ wọ igbó wá mi, wúyẹ́, wọ́ọ́, gba ọ̀nà àbàtà, níbi tí ìyá ẹfọ̀n kan ti ń rántí ohùn rẹ̀.

Ẹ̀rù tún bà mí. Èyí kò gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Àyà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbé òkúta kúrò. Mo ká ewé mi nílẹ̀.

Mò ń bọ̀ nílé, Àwẹ̀ró. Ewé wà lọ́wọ́ mi, ìrì kan so rọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀. Ó wú, ó gùn, kò já.